Ọ̀tọ̀ ni Bakitéríà, Ọ̀tọ̀ ni Fáírọ́ọ̀sì

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn kòkòrò, ni àwọn ènìyàn fi ń pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí kò bá ara wọn tan rárá: tata tó ń jẹ ewé àgbàdo, kòkòrò ni, ìdin inú ẹran, kòkòrò ni, ohun tí dókítà sọ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà, kòkòrò ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ti wúlò tó, ó ń bo ìyàtọ̀ ńlá kan mọ́lẹ̀, nítorí pé nínú àwọn ohun àìfojúrí tó ń fa àìsàn, méjì ló gbajúmọ̀ jù lọ, bakitéríà àti fáírọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì kò sì jọ ara wọn ní ìṣẹ̀dá, ní ìrìn, tàbí ní ohun tó lè pa wọ́n. Ẹni tó bá ń fi oògùn ọ̀kan lé èkejì ń fi ìwọ̀ ẹja dọdẹ ẹyẹ ni: owó rẹ̀ á lọ, àìsàn rẹ̀ á sì dúró.

Ìmọ̀ ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan, ó kan àwọn ará ìlú ẹnubodè bíi Ko-Koumolou náà. Ko-Koumolou, tó wà lábẹ́ kọ́mù Ifangni, ìyẹn Ìfọ̀nyìn, ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò jìnnà sí ẹnubodè Ìgólò àti Ìdìrókò, níbi tí èrò, ẹran ọ̀sìn, oúnjẹ àti oògùn ti ń kọjá láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà lójoojúmọ́. Àrùn tó bá wọ ara ènìyàn ní Èkó ní òwúrọ̀ lè dé Àjàṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì ní fi ìwé ìrìnnà hàn fún ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè kankan. Àwọn àpẹẹrẹ tó lè la ọ̀rọ̀ yìí yé ènìyàn náà kò jìnnà. Ní ìhà àríwá, lójú ọ̀nà tó gba Sákété kọjá, ni Pọ̀bẹ́ wà, ìlú Nàgó tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀kan nínú àwọn àrùn bakitéríà tó burú jù lọ fún awọ ara. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Èkó, ni wọ́n ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ tó bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà.

Bakitéríà jẹ́ ohun abẹ̀mí tó pé fúnra rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì sì ni yàrá tíntìntín tí a fi mọ gbogbo ohun abẹ̀mí bí ìgbà tí a bá fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé, àyàfi pé sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn kò níye, ti bakitéríà sì jẹ́ ẹyọ kan péré. Púpọ̀ nínú wọn kéré débi pé bí ẹgbẹ̀rún kan bá tò tẹ̀lé ara wọn, gígùn wọn kò ní ju mìlímítà kan tàbí méjì lọ. Síbẹ̀, ohun gbogbo tó nílò láti gbé ayé wà lọ́wọ́ rẹ̀: ògiri tó yí i ká, ìwé àṣẹ tó ń sọ bí yóò ṣe rí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní jíìnì, àti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe purotéènì, èròjà tí ara fi ń dúró. Ó ń jẹun, ó ń da ìdọ̀tí sílẹ̀, bí àkókò bá sì tó, á pín ara rẹ̀ sí méjì láìnílò akọ tàbí abo. Àwọn mìíràn ń pín báyìí ní ogún ìṣẹ́jú sí ara wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ẹyọ kan bá bọ́ sínú ọbẹ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ní agogo méje òwúrọ̀, tí nǹkan kan kò sì dí i lọ́wọ́, wọ́n á ti ju mílíọ̀nù méjì lọ nígbà tí agogo bá fi máa lu méjì ọ̀sán. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá fi ń gbé ọbẹ̀ àná padà sórí iná kó tó di ti òní. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí rò pé ọ̀tá ni gbogbo bakitéríà, nítorí àwọn ló ń mú kí ògì kan, àwọn ló ń sọ hóró irúgbá di irú, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn ló sì ń gbé inú ìfun ènìyàn láti ìgbà ọmọdé, tí wọ́n ń bá a da oúnjẹ, tí wọ́n sì ń gba ààyè mọ́ àwọn àjèjì búburú lọ́wọ́.

Àwọn tó jẹ́ ọ̀tá máa ń ṣe ibi ní ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó yẹ láti kọ́kọ́ mọ̀ ni májèlé. Kọ́lẹ́rà, tí àwọn àgbà ń pè ní onígbáméjì, fi èyí hàn kedere. Vibrio cholerae ni orúkọ bakitéríà rẹ̀. Ó ń bá omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ aláìsàn ti kàn wọ ẹnu, ó sì ń dì mọ́ ara ìfun kékeré láìdá a lu, láìwọ inú ẹ̀jẹ̀. Ibi tó jókòó sí yẹn ló ti ń tu májèlé kan jáde, májèlé náà á sì ṣí ìlẹ̀kùn iyọ̀ tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun sílẹ̀ gbayawu, iyọ̀ á máa ya jáde, omi ara á sì tẹ̀ lé iyọ̀, títí ìgbẹ́ aláìsàn á fi funfun bí omi ìrẹsì. Kì í ṣe bakitéríà náà gan-an ló ń pa ènìyàn bí kò ṣe òùngbẹ ara, nítorí ẹni tó le koko ní òwúrọ̀ lè ti gbẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti inú ìmọ̀ yìí ni ìtọ́jú ti wá. Àwọn onímọ̀ rí i ní àwọn ọdún 1960 pé ìlẹ̀kùn mìíràn wà lára ìfun tí májèlé náà kì í bàjẹ́, ìlẹ̀kùn tó ń gba ṣúgà àti iyọ̀ wọlé pọ̀, pé bí àwọn méjèèjì bá sì jọ wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn padà sínú ara. Nítorí náà, ṣíbí ìmutí mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí kan náà iyọ̀, tí wọ́n fi nǹkan rẹ́ lórí kó dọ́gba, nínú lítà kan omi tó mọ́, lè dá ẹ̀mí dúró títí aláìsàn á fi dé ilé ìwòsàn. Ọdún 1970 ni àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà tó gbòde káyé nígbà náà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sì tíì fi etíkun Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà sílẹ̀ pátápátá, nítorí ọ̀nà ìgbẹ́ àti ọ̀nà omi mímu ṣì ń pàdé ara wọn níbi púpọ̀.

Májèlé mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yára bẹ́ẹ̀, tó sì tìtorí ìyẹn burú ní ọ̀nà tirẹ̀. Egbò Bùrúlì, tí wọ́n fi orúkọ àgbègbè kan ní ilẹ̀ Ùgáńdà pè, jẹ́ àrùn tí bakitéríà tí ń jẹ́ Mycobacterium ulcerans ń fà, ẹbí kan náà sì ni òun àti bakitéríà ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti ẹ̀tẹ̀. Ó fẹ́ràn ibi tó tutù díẹ̀ ju inú ara lọ, ìdí nìyí tó fi ń gbé ní awọ àti ọ̀rá abẹ́ awọ, pàápàá lẹ́sẹ̀ àti lápá. Kì í pín kíákíá bí ti inú ọbẹ̀. Ọjọ́ ló ń gbà á, oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún sì lè kọjá láàárín ìgbà tó wọ ara àti ìgbà tí àmì rẹ̀ yọ. Ohun tó kọ́kọ́ ń hàn lè jẹ́ kókó kékeré kan tí kò dunni, tàbí ibi tó le bí pátákó lára awọ, tàbí kí apá tàbí ẹsẹ̀ wú. Lẹ́yìn èyí ni awọ á là, egbò á sì máa jẹ lábẹ́ etí ara rẹ̀, débi pé èyí tó wà lábẹ́ máa ń fẹ̀ ju èyí tí ojú ń rí lọ.

Ọdún 1999 ni àwọn onímọ̀ tẹ ìwé jáde lórí májèlé tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tí wọ́n pè ní mycolactone. Iṣẹ́ mẹ́ta ni májèlé yìí ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń pa sẹ́ẹ̀lì awọ àti ọ̀rá, ó ń pa àwọn sójà ara, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́ kí wọ́n má baà rọ́ wá síbẹ̀, ó sì ń dí iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ lọ́wọ́. Ìkẹta yìí ló ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá jù. Ara tó ń roni ni ènìyàn ń wá ìtọ́jú fún. Egbò tí kò dunni, tó ń jẹ lọ bẹ́ẹ̀ láìsí ibà, ni wọ́n ń sọ pé kì í ṣe ojú lásán, wọ́n á pè é ní egbò àdáàjinná, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣebi kiri nínú ẹbí nígbà tí ọwọ́ ọmọ ń ká kò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí jẹ́ òtítọ́: egbò náà kò ṣe bí egbò yòókù. Àlàyé tó tọ́ ló ṣẹ́ wọn kù. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá omi tí kò ṣàn dáadáa àti irà, bí irú èyí tó pọ̀ ní àfonífojì odò Ouémé, ni àrùn náà ń mú jù, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ nínú wọn. Nínú àwọn tó lé ní 1,200 tí wọ́n fìdí àrùn wọn múlẹ̀ ní Pọ̀bẹ́ láàárín ọdún 2005 sí 2011, nǹkan bí ìdajì ni kò ju ọmọ ọdún 12 lọ.

Fáírọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì, kò ní ilé-iṣẹ́ nínú, kì í jẹun, kì í mí, bó bá sì wà lóun nìkan lórí tábìlì, kò sàn ju eruku lọ. Ó tún kéré sí bakitéríà púpọ̀púpọ̀, débi pé awò tí wọ́n fi ń wo bakitéríà kò lè rí i, ó di ìgbà tí wọ́n ṣe awò alágbára tó ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ní àwọn ọdún 1930 kí ojú ènìyàn tó bà lé e. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ìwé àṣẹ kúkúrú kan lọ, tí wọ́n fi èèpo purotéènì wé, tí àwọn mìíràn sì tún ní aṣọ ọ̀rá lórí èèpo náà. Bí àrokò ló ṣe rí. Bí ọba àtijọ́ bá di owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn pọ̀, tó fi ránṣẹ́ sí ọba mìíràn, ẹrù náà kò lè ṣe nǹkan kan lójú ọ̀nà. Ìgbà tó bá dé ọwọ́ ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀, tí ẹni náà sì ṣe ohun tó sọ, ló tó di ogun tàbí àlàáfíà. Sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ni olùtúmọ̀ fáírọ́ọ̀sì. Bí àrokò yìí bá ti wọlé, sẹ́ẹ̀lì á kà á bí ẹni pé àṣẹ ilé tirẹ̀ ni, á pa iṣẹ́ tó ń ṣe tì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀dà fáírọ́ọ̀sì, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí òun fúnra rẹ̀ á fi bẹ́ tàbí tí á fi rẹ̀ ẹ́ tán, àwọn ẹ̀dà náà á sì jáde lọ wá sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ilé ló lè wọ̀, nítorí purotéènì ara èèpo rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìlẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì mu bí kọ́kọ́rọ́. Fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi ń wá iṣan ìmọ̀lára, ti éèdì ń wá àwọn sójà ara fúnra wọn, ti ibà pọ́njú sì ń wá ẹ̀dọ̀, bí ẹ̀dọ̀ bá sì ti bàjẹ́, ojú aláìsàn á pọ́n bí ìyeyè, ibẹ̀ sì ni àrùn náà ti gba orúkọ.

Ìtàn ibà pọ́njú ló fi hàn jù lọ bí ó ti léwu tó láti ṣi àwọn ọ̀tá méjèèjì mú fún ara wọn. Ní ọdún 1919, Hideyo Noguchi, onímọ̀ ará Jàpáánù tó ń ṣiṣẹ́ fún àjọ Rockefeller ní Amẹ́ríkà, kéde pé òun ti rí ohun tó ń fa ibà pọ́njú, pé bakitéríà kan tó lọ́ bí okùn ni, wọ́n sì ṣe abẹ́rẹ́ lòdì sí bakitéríà náà. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ibà pọ́njú, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń lé kì í ṣe olè náà. Àwọn onímọ̀ tí àjọ kan náà rán wá sí Yábà ní Èkó, tí Adrian Stokes ará Áyálándì wà lára wọn, wá bakitéríà yẹn títí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, wọn kò rí i. Ní ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, wọ́n fi gún ọ̀bọ kan tó wá láti ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀bọ náà kó àrùn ó sì kú, Asibi ní tirẹ̀ sì yè. Nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ní àrùn náà pẹ̀lú asẹ́ tíntìntín tí bakitéríà kankan kò lè gbà kọjá, ohun tó jò sílẹ̀ ṣì ń fa àrùn, èyí sì fi hàn pé ohun tí wọ́n ń wá kéré ju bakitéríà lọ. Stokes kó àrùn náà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi wá sí Accra láti wádìí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ibà pọ́njú sì pa á níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Láti inú fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń jẹ́ 17D ní ọdún 1937, nípa títọ́ ọ ní ìgbà tó lé ní igba nínú sẹ́ẹ̀lì títí agbára ìpànìyàn rẹ̀ fi rọ̀, Theiler sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ọmọ inú ìdílé fáírọ́ọ̀sì ọkùnrin yẹn ni.

Ìyàtọ̀ ìṣẹ̀dá yìí náà ló ń sọ oògùn tó lè ṣiṣẹ́. Áńtíbáyótíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà, ń kọlu àwọn ohun tí bakitéríà ní tí ara ènìyàn kò ní, tàbí tí ti ènìyàn yàtọ̀ sí: pẹnisílínì, tí Alexander Fleming ṣàwárí ní ọdún 1928, ń ba ògiri rẹ̀ jẹ́ nígbà tó bá ń mọ ọ́n, tetirasáíkílì ń dí ilé-iṣẹ́ purotéènì rẹ̀, rifampicin sì ń dí ẹni tó ń da ìwé àṣẹ rẹ̀ kọ lọ́wọ́. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ògiri, kò sì ní ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ onílé ló ń lò. Ẹni tó gbé kápúsù áńtíbáyótíìkì mì nítorí ọ̀fìnkìn tàbí èéyi kò rí ọ̀tá kankan tí kápúsù náà lè bá jà, àfi àwọn bakitéríà rere inú ìfun rẹ̀, àyàfi bí dókítà bá rí i pé bakitéríà ti gba ojú ibẹ̀ wọlé tẹ̀ lé fáírọ́ọ̀sì, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí òtútù àyà bá tẹ̀ lé èéyi. Oògùn fáírọ́ọ̀sì wà, irú èyí tó ń jẹ́ kí àwọn tó ní kòkòrò éèdì pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, ẹ̀yà fáírọ́ọ̀sì kan tàbí díẹ̀ sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀ ọ́n bá jà.

Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń bá fáírọ́ọ̀sì jà jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń fi àwòrán ọ̀tá han àwọn sójà ara kí ọ̀tá gan-an tó dé: wọ́n lè lo fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, tàbí èyí tó ti kú, tàbí ìdá kan péré lára èèpo rẹ̀, àwọn sójà á ṣe ohun ìjà tó bá a mu, díẹ̀ nínú wọn á sì fi ìrántí rẹ̀ pamọ́ fún ọdún púpọ̀. Dìgbòlugi ni ó ṣàjèjì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè gba ènìyàn là lẹ́yìn tí ajá ti bù ú jẹ. Ìdí ni pé fáírọ́ọ̀sì náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú iṣan láti ojú ọgbẹ́ lọ sí ọpọlọ, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù, àwọn sójà tí abẹ́rẹ́ ti gbá jọ á sì ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bó bá ti dé ọpọlọ, tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ajá bá bù jẹ ní láti fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà, yálà ajá náà ní olówó tàbí kò ní. Ọṣẹ kì í ṣe nǹkan kékeré nínú ìjà yìí: aṣọ ọ̀rá tó wà lára ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ni ọṣẹ ń tú ká gẹ́gẹ́ bó ṣe ń tú epo pupa kúrò lára àwo, fáírọ́ọ̀sì tó bá sì ti wà ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀ kò lè wọ sẹ́ẹ̀lì mọ́.

Nígbà tí oògùn kò sí, tí abẹ́rẹ́ kò sì pọ̀ tó, ọgbọ́n kan ṣì kù, ìyẹn ni láti gba ènìyàn tí àrùn fẹ́ lọ bá kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Àwọn Yorùbá ti mọ díẹ̀ nínú rẹ̀ tipẹ́, nítorí pé ẹni tí Olóde bá mú, tí ṣọ̀pọ̀nná yọ sí lára, kì í bá ènìyàn jókòó lọ́jà. Ṣùgbọ́n Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tó wọ ẹgbẹ́ àwọn olùbọ Ṣọ̀pọ̀nná láti mọ àṣírí wọn, sọ pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn kó àrùn náà ran àwọn mìíràn. Èépá náà kún fún fáírọ́ọ̀sì, ó sì lè pẹ́ kó tó kú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà, rí i ní agbègbè Ògójà ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà pé abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ òun kò lè kárí gbogbo ènìyàn, ó sì yàn láti wá gbogbo ilé tí ṣọ̀pọ̀nná ti wọ̀ rí, kí wọ́n fún àwọn tó yí wọn ká nìkan lábẹ́rẹ́, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ro ilẹ̀ yí oko ká kí iná má baà rí koríko jó kọjá. Àrùn náà pòórá níbẹ̀, wọ́n sì mú ọ̀nà náà lò káàkiri. Oṣù karùn-ún ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọdún 1980 pé ó ti tán láyé. Ọgbọ́n kan náà ló gba Èkó lọ́wọ́ Ẹ̀bólà ní ọdún 2014, nígbà tí Dókítà Ameyo Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí arìnrìn-àjò kan tó gbé àrùn náà wá láti Làìbéríà kúrò ní ilé ìwòsàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣọ́ ènìyàn bí 900 lójú méjèèjì fún ọjọ́ 21, wọ́n lọ sí ilé wọn ní ìgbà tó lé ní 18,000. Ogún ènìyàn ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, dókítà akíkanjú yẹn sì wà lára wọn; síbẹ̀, bí èrò Èkó ti pọ̀ tó, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì ń lọ sí Ìdìrókò ní wákàtí wákàtí, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ìṣòro tó le jù ní ẹnubodè kì í ṣe àìsí oògùn bí kò ṣe oògùn tó ń lọ sí ibi tí kò yẹ. Ara gbígbóná kan náà ni ibà, fáírọ́ọ̀sì àti bakitéríà ń mú wá, nítorí pé ara fúnra rẹ̀ ló ń dá iná náà láti bá àjèjì jà, ibà tí ẹ̀fọn ń gbé wọ ara, ìyẹn máléríà, kì í sì í ṣe ti bakitéríà tàbí ti fáírọ́ọ̀sì, ẹ̀yà ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fà á, oògùn ọ̀tọ̀ ló sì ń gbọ́. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan lórí pátákó àyẹ̀wò lè sọ bóyá ibà ni tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n kápúsù ẹlẹ́yọ-ẹlẹ́yọ tí wọ́n ń kiri lórí àtẹ rọrùn ó sì pọ́ọ́kú, ẹni tó sì ra méjì lónìí, tó dáwọ́ dúró lọ́la nítorí ara ti fúyẹ́, ti pa àwọn bakitéríà tó rọ̀ jù, ó sì fi èyí tó le jù sílẹ̀ láti bí ọmọ. Báyìí ni bakitéríà ṣe ń kọ́ láti kọ oògùn. Ọ̀kan tó ti mọ ọgbọ́n náà tún lè fún aládùúgbò rẹ̀ ní ẹ̀dà jíìnì tó fi mọ̀ ọ́n, kódà bí wọn kì í bá ṣe ẹ̀yà kan náà. Oògùn ayédèrú tún ń bu epo síná, nítorí èyí tí oògùn inú rẹ̀ kò tó nǹkan kò lè pa bakitéríà tán, ohun tó ń ṣe kò ju kó kọ́ ọ ní ìjà lọ. Kútọnu ni àwọn olórí ti pàdé ní oṣù kẹwàá ọdún 2009 láti pe ayé sí ìjà lòdì sí irú oògùn bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2017 sì ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kọlu Adjégounlè, ọjà oògùn tí kò bófin mu tó lókìkí jù ní ìlú náà. Àtẹ kékeré ṣì wà lójú ọ̀nà ìgbèríko.

Àwọn kan máa ń tú kápúsù, kí wọ́n bu ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. Fún egbò Bùrúlì, asán ni, nítorí bakitéríà rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí ìyẹ̀fun kò lè dé. Tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ nìkan ni ìtọ́jú. Dókítà á gé gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ àti díẹ̀ nínú ara tó dára, á sì bu awọ láti ibòmíràn lẹ̀ ẹ́. Ọdún 2003 ni àjọ Raoul Follereau ṣí ilé ìtọ́jú egbò náà sí Pọ̀bẹ́, ní ọdún 2004 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí wọ́n máa fi rifampicin àti abẹ́rẹ́ streptomycin tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, oògùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà kí bakitéríà tó bá mọ bí a ṣe ń sá fún ọ̀kan lè bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Ìtọ́jú yìí gba ọ̀pọ̀ apá àti ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún ọjọ́ 56 kì í ṣe ìyà kékeré fún ọmọdé, streptomycin a sì máa ba etí àwọn mìíràn jẹ́. Àwọn oníṣègùn ní Gánà àti ní Bẹ̀nẹ̀, tí ti Pọ̀bẹ́ wà lára wọn, wá fi clarithromycin, tó jẹ́ oníhóró, rọ́pò abẹ́rẹ́ náà, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2020 sì fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ bákan náà. Láti ìgbà náà, ọmọ tí wọ́n bá tètè mú wá nígbà tí àrùn náà ṣì jẹ́ kókó, ìbáà jẹ́ láti ẹ̀bá Ouémé tàbí láti ìpínlẹ̀ Ògùn tí àwọn aláìsàn ti máa ń sọdá ẹnubodè wá sí Pọ̀bẹ́, lè gba oògùn rẹ̀ lọ sílé, kó máa lò ó lójoojúmọ́ lójú ìyá rẹ̀, kó sì máa lọ sí ilé-ìwé títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á fi pé.